Àtàǹpàkò Mi Lọ́jọ́ Ìsinmi

Mo fi kànrìnkànrìn ha á, kò lọ.
Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo bu eérú sí i.
Tàdáwà náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná mi
bí àlejò tí kò gbọ́ "ó dàárọ̀".
Aago ṣọ́ọ̀ṣì ti lù lẹ́ẹ̀kan ní Ìtòkò.
Jẹ̀míímà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní,
"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé Ọlọ́run ò mọ̀ pé o dìbò lánàá ni?"

Ọlọ́run mọ̀.
Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ka owó ọrẹ.
Ẹ bi Fíkà, ẹ bi àwọn wọ́dìnì méjèèjì:
náírà mẹ́wàá tó ya, tí ọmọdé fi itọ́ lẹ̀ pọ̀,
mi ò fi í sílẹ̀ láìkọ sínú ìwé.
Bí àpò bá dín náírà márùn-ún, mi ò ní jẹun ọ̀sán
títí n ó fi rí i lábẹ́ àga.
Ṣófẹ́lá A-kà-má-ṣì ni wọ́n ń pè mí.
Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ṣùgbọ́n lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn,
lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ìwé ní Ìkéreku,
èmi ni aṣojú ẹgbẹ́ nídìí àpótí.
A ka ìbò, ó jẹ́ igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Kí ìwé èsì tó dọ́wọ́ mi, ó ti di ẹgbẹ̀ta ó lé méje.
Ọ̀gbẹ́ni tó ra páànù òrùlé fún wa nígbà ìkórè,
tí a kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn òkú wa,
ó bẹ̀rẹ̀ sí mi létí:
"Bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ Olúwa náà ni."
Mo buwọ́ lù ú.
Ọwọ́ mi ò gbọ̀n.
Lọ́jọ́ kejì mo ka ọrẹ, ó pé géérégé.

Ta ló sọ fún wa pé Sátidé kì í ṣe ọjọ́ Olúwa?
A gbààwẹ̀ kí ìjọba rere lè dé,
bí ẹni pé òjò ni ìjọba,
bẹ́ẹ̀ àwa fúnra wa la lu garawa níhò.
Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ò jò mọ́.
Ọ̀nà ilé ìwòsàn ló fọ́.
Ìyá Ṣómóyè, tó kọ́ gbogbo wa lórin Kérésìmesì,
kú sẹ́yìn ọ̀kadà kó tó kọjá kòtò kẹta.
Èmi ni mo ka owó ọrẹ ìsìnkú rẹ̀.
Ó pé.

Nígbà tí wọ́n tún gbé ìwé dé lánàá,
ojú ọ̀run ti ṣú lókè odò Ògùn.
Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìbò náà kà, sókè,
kí àwọn ọmọ tó jókòó sórí àpáta máa bá mi kà á.
Wọ́n kà á, ohùn wọn gba gbogbo àdúgbò.
Ní ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́rin, ìwé tán lọ́wọ́ mi.
Ọ̀gbẹ́ni rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti di olóṣèlú."
Mo ní, "Rárá. Ọrẹ ni mo ń kà."

Mi ò buwọ́ lù ú.
Mo gbọ́ pé wọ́n rí ẹni tó bá wọn ṣe é.

Mo kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ báyìí, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́.
Fíkà rí tàdáwà náà, ó dúró díẹ̀
(òun ló súre sórí páànù yẹn),
ó wá gbé àkàrà pẹlẹbẹ náà lé e.
Ohun tó máa ń sọ náà ló sọ.
Ó fúyẹ́ lẹ́nu mi.

Lẹ́yìn ìsìn, àpò ọrẹ ń dúró dè mí.
Mo ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu,
mo pe ọmọ kan tó ń sáré kiri nínú ọgbà:
"Wá. Wá bá mi kà á."